Ohun tí Àjàyí Kọ Sílẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Parakou, ìlú tí òkun jìnnà sí ju 300 kìlómítà lọ. Rélùwéè tàbí ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa débí, ṣùgbọ́n èrò ọ̀nà ṣáà ni gbogbo wa.

Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, ẹni tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú mìíràn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀. Inú ọkọ̀ ogun yìí gan-an ni jìnnìjìnnì ti bò wọ́n. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so kọ́, wọ́n rí ọta àgbá rogodo-rogodo, wọ́n ní ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀. Àjàyí fúnra rẹ̀ ló ròyìn èyí nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837. (Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ rò pé gbogbo aṣọ́bodè ló fẹ́ pa yín jẹ, ẹ gbọ́ o.)

Ní 1841, Àjàyí bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta gòkè Odò Ọya. Ibà dà wọ́n rú. Àwọn òyìnbó tó kú tó 40. Ẹlòmíràn ì bá ní ayé ló ṣe é. Àwọn tó yè kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tí àìsàn mú, ìgbà tó mú un, oògùn tí wọ́n fún un. Àkọsílẹ̀ yẹn wúlò. Nígbà tí Dókítà Baikie kó ọkọ̀ Pleiad lọ sórí odò náà ní 1854, tí Àjàyí tún bá wọn lọ, àwọn òyìnbó inú rẹ̀ kò dúró de ibà mọ́ kí wọ́n tó lo kuníìnì. Wọ́n ju oṣù mẹ́ta lọ lórí odò, ibà kò pa ẹnì kan. Wọn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà wọ ara ènìyàn! Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Àjàyí wà níbẹ̀. Ó kọ ìyẹn náà.

Àwa ńkọ́? Ní 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbóho àti Ìníṣà tó ń gbé níbẹ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀ sáré. Ta ló bá wọn ṣọ́ ilé? Ta ló lù wọ́n ní jìbìtì? Àwọn tó mọ̀ ń kú lọ, a sì ń náwó lórí aṣọ ẹbí òkú wọn láì bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n wà láyé. Èyí ń bí mi nínú.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yìí ṣí ìwé kan lọ́dún yìí: ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà dé, ẹni tó gbà á sílé, bó ṣe rí ìwé ìgbélùú gbà, ibi tó ti fara gbá. Akọ̀wé, èmi ni n ó ra ìwé náà. Ẹ̀yin ìyá wa tó ti ń tajà níbí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa, ọ̀dọ̀ yín la ó ti bẹ̀rẹ̀.