Ibi tí A Fa Ìlà Gbà: Èdè Ìlárá-Mọ̀kín lórí Àwòrán Ilẹ̀



Nígbà tí mo ń kó ewì alohùn àgbègbè yìí jọ, mo ní láti pinnu orí tí ewì Ìlárá yóò wà nínú ìwé mi. Mo fi ojú kékeré wo ìpinnu náà.

Ní 1967, Adétugbọ̀ pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ọ̀nà mẹ́ta: ó fi Àkúrẹ́ sí Àárín Gbùngbùn pẹ̀lú Èkìtì, ó fi Oǹdó sí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Oyèláràn pín in sí mẹ́rin. Ní 1998, Awóbùlúyì pín in sí márùn-ún. Òdiwọ̀n tí oníkálukú yàn ló fa ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta, irú èyí tí a ń rí òdì kejì rẹ̀. Lórí èkínní, a pààlà láàárín àwọn tí ó ya “ẹ wá” sọ́tọ̀ kúrò lára “wọ́n wá” àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń jẹ́ fún méjèèjì: Àkúrẹ́ àti Oǹdó pínyà. Lórí èkejì, a wo àwọn tí ń fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí Èkìtì ti ń pe ilé ní “ulé”: Àkúrẹ́ àti Oǹdó tún dọ̀kan, Ọ̀yọ́ nìkan ló kù síta. Lórí ẹ̀kẹta, a ka fáwẹ̀lì àìránmúpè. Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti le. Ní Àkúrẹ́, “i” àti “u” ní ìró méjì méjì, gẹ́gẹ́ bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé wọn bá ti rí. Ẹni tí ó ka ohun tí etí gbọ́ yóò rí mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó ka kìkì èyí tí ń yí ìtumọ̀ padà yóò rí méje, bíi ti Ọ̀yọ́ gẹ́lẹ́.

Bí a bá to bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, a ó rí ibi tí ìlà pọ̀ sí àti ibi tí ẹyọ kan gbà kọjá.

Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ààlà ìjọba ni mo lò. Láti 1976 títí di 1996, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Adó-Èkìtì àti Ìlárá jọ wà. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, mo kó ewì Èkìtì lọ sí orí tirẹ̀, mo fi ti Ìlárá sílẹ̀ sọ́dọ̀ Oǹdó, mo sì ń kọ̀wé lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Màmá àgbà kan tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú yìí bi mí pé, “Ọmọ mi, ta ló yà wá kúrò lára àwọn ará Ìgbàrà-Odò, níbi tí ìyá mi ti wá?”

Mo ti tún orí náà tò. Àwọn bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí tábìlì yìí. Mo fi ẹ̀kẹrin tí ó ṣófo kún un fún ẹni tí ó bá ní òdiwọ̀n mìíràn.