Ìdánwò CEPD àti Èdè Ẹnu Àwọn Ọmọ Wa
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí Yorùbá sọ ní Bè, Lomé

Àwọn tí ó ṣètò ọjọ́ òní ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ibi tí ó ń dùn wá jùlọ nìkan ni a ó fọwọ́ kàn, èyí nì ni ìdánwò CEPD tí àwọn ọmọ ń ṣe ní òpin CM2, ọdún kẹfà wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èsì bá jáde, kì í pẹ́ tí gbogbo agbo ilé fi ń mọ̀. Ọmọ tí ó yege a sáré wọlé láti ojú títì. Èyí tí kò yege a gba ẹ̀yìnkùlé. Àwa òbí a sì bẹ̀rẹ̀: “Olódo ni,” “Orí rẹ̀ kò gba ìwé.” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa kùnà lẹ́ẹ̀mejì, a sì fà á lé télọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ yìí kan náà ni ó ti ń bá ìyá rẹ̀ tajà lọ́jà Bè láti kékeré, tí kì í ṣi ṣéńjì oníbàárà kà. Lọ́jọ́ kan a gbé ìṣirò kan síwájú rẹ̀ ní èdè Faransé, irú èyí tí wọ́n ń fún wọn: obìnrin kan ra ọṣẹ méjìlá ní 2.400 fráǹkì, ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 250. Kí ni “bénéfice” rẹ̀? Ọmọ náà wo ìwé títí, kò sọ nǹkan kan. A wá bi í ní Yorùbá pé èló ni obìnrin náà jẹ ní èrè. Kí a tó pa ẹnu dé, ó ní, “Ẹgbẹ̀ta.”

Kí ni a wá ń fi ìdánwò wọ̀n lára ọmọ náà? Ìṣirò ni, tàbí ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tí kò yé e?

Láti 1920 tí Lomé ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Faransé ni èdè Faransé ti jókòó sórí àga ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn àgbà kan láàrin wa kò tíì gbàgbé ohun ìtìjú tí a ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn bí ó bá fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago bá lù ni ó ń jẹgba. Àtúnṣe ẹ̀kọ́ ti ọdún 1975 fún èdè Ewe àti Kabiyè ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n Faransé ni a ṣì fi ń ṣe ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a wo òde díẹ̀. Àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ tí ń sọ Faransé ní ètò ìdánwò kan tí a ń pè ní PASEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Ní 2014, wọ́n dán àwọn ọmọ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, Togo pẹ̀lú wọn. Ní ọdún kejì ilé-ẹ̀kọ́, ó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ tí kò dé ojú ìwọ̀n nínú èdè. Àmọ́ níbi tí ìpíndọ́gba ti jẹ́ 500, àwọn ọmọ Bùrúńdì gba ju 600 lọ. Kírúńdì, èdè ìyá wọn, ni a fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni a sì fi dán wọn wò. A mọ̀ pé ilẹ̀ wọn kò rí bí tiwa, nítorí èdè kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa sódì. Ọmọ tí kò gbọ́ Faransé ní Lomé, iṣẹ́ wo ni yóò rí ṣe? A kò sì lè ní kí ìjọba fi Yorùbá kọ́ CP1 ní Bè, níbi tí ọmọ Ewe, ọmọ Mina, ọmọ Kabiyè àti ọmọ Haúsá ti ń jókòó pọ̀. Èdè nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Láti 2008 tí ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, èyí tí a dúpẹ́ fún, èrò pọ̀ ní kíláàsì, olùkọ́ kan kò sì lè gbọ́ ohùn gbogbo ọmọ. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ti inú ilé. Àwọn kan nínú wa ti dẹ́kun Yorùbá sísọ sí ọmọ, wọ́n ń sọ Faransé ọjà tí àwa fúnra wa kò gbọ́ délẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní Yorùbá tí yóò fi ronú, Faransé tí ó sì ń gbọ́ nílé kò lè gbà á nínú ìdánwò.

Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, a ó máa kó àwọn ìbéèrè ọdún àtijọ́ jọ. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ohun tí ìbéèrè ń wí, yóò ṣe é, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ọ́ ní Faransé, olùkọ́ yóò sì tún un ṣe. A ń wá bẹ́ǹṣì mẹ́rin, pátákó ìkọ̀wé kan, àti ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa. Ọmọ tí a fà lé télọ̀ lọ́wọ́ náà yóò wà níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́wàá.