Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Kò Ṣeé Tà
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ



Àwọn baba wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Lónìí, a fẹ́ fi kún un pé ẹni tí ó yá ṣòkòtò wọ̀ kò lè tà á fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé olóhun gbọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ òwò ni a ń sọ.

Òwò kan wà tí ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí orúkọ ara pátákó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Fráńṣáìsì ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ilé oúnjẹ Mr Bigg's, tí ilé-iṣẹ́ UAC dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, wà lára èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fún àwọn oníṣòwò mìíràn láyè láti fi orúkọ náà ṣòwò. Ilé epo tí dílà ń tà lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ elépo sún mọ́ irú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe òwò yìí lè ni tábìlì, ìkòkò àti ọjà tí ó fi owó rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n orúkọ, àmì àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, olórúkọ ni ó ni wọ́n. Ó kàn fún un láyè láti lò wọ́n fún iye ọdún kan ni.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, arábìnrin tí kò jẹ wá ní gbèsè rí, wá yáwó láti gba ilé epo lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó fẹ́ kó lọ sí òkè òkun. A wo ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀, ó dára. A wo àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì, wọ́n dára. A kò béèrè ìwé àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ń ta òwò náà àti ilé-iṣẹ́ tí ó ni orúkọ. Owó jáde. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà fi dé, tí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n dá epo dúró, wọ́n sì já pátákó wálẹ̀. Ẹni tí ó gba owó ti lọ. Arábìnrin yìí àti àwọn onídùúró rẹ̀ ni wọ́n san gbèsè náà tán, nínú owó tí wọ́n ti tọ́jú fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà kò rú òfin. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe. Àwa tí a kò ka ìwé ni a jẹ̀bi.

Kí ni ó sábà máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Èkíní, ẹni tí ń ṣòwò kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ olórúkọ, kí àṣẹ náà sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Èkejì, olórúkọ yóò wo ẹni tuntun náà wò: owó rẹ̀, ìwà rẹ̀, àti bóyá ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta, olórúkọ lè sọ pé òun fúnra òun yóò rà á ní iye tí ẹlòmíràn fẹ́ san. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ń tà gbọ́dọ̀ san gbèsè tí ó jẹ, a ó sì san owó ìgbàṣẹ. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tuntun lè ní láti fọwọ́ sí ìwé tuntun, tí owó tí olórúkọ ń gbà nínú rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ. Nítorí náà, èrè tí ẹni àtijọ́ ń jẹ lè má jẹ́ èrè tiyín.

Ọ̀rọ̀ ikú náà wà níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, oníkálùkù ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ bí ó bá kú. Ṣùgbọ́n nínú fráńṣáìsì, ọmọ kì í ṣàdédé jogún àyè bàbá rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n á fún àwọn ajogún ní ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi hàn pé wọ́n lè ṣe é, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹni tí olórúkọ fọwọ́ sí.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ nílùú tó lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ìwé tí wọ́n fi ilẹ̀ dúró fún owó báńkì di òfo, nítorí pé kò ní ìfọwọ́sí yìí. Bí olórúkọ bá sì jẹ́ ará òkèèrè, òfin ọdún 1979 ní kí a fi àdéhùn náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tí à ń pè ní NOTAP lónìí, láàárín ọjọ́ 60.

Ní Amẹ́ríkà, olórúkọ tí ń ta fráńṣáìsì gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ń rà ní ìwé àlàyé, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ó tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kí ó tó sanwó. Ìlànà gbígbé òwò fún ẹlòmíràn wà nínú ìwé náà. Nàìjíríà kò ní òfin pàtó bẹ́ẹ̀ fún fráńṣáìsì. Àwa fúnra wa ni a ó béèrè.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi nǹkan mẹ́rin yìí sí ìlànà ẹ̀yáwó wọn:

1. Kí ẹni tí ń yáwó mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn àtijọ́ wá, kí lọ́yà kà á.
2. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí olórúkọ fúnra rẹ̀, kí èsì sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kì í ṣe láti ọwọ́ ẹni tí ń tà.
3. Kí a rí ìwé ilẹ̀ tàbí ti ilé, àti ìwé àṣẹ ìjọba.
4. Kí owó wà lọ́wọ́ lọ́yà títí olórúkọ yóò fi fọwọ́ sí ìwé tuntun.

Ẹlòmíràn yóò ní a ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwa náà kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ gbé ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tí a ń ṣe nílé wa ni kí a máa béèrè ní òde. Owó tí a ń yá ara wa, òógùn ojú gbogbo wa ni.