Owó Ìbọn àti Ìwádìí Moakley

Bí ẹ bá yá ọ̀rẹ́ yín ní àdá, tí ó sì fi ṣá aládùúgbò rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ lè sọ pé ọ̀ràn náà kò kàn yín? Ìbéèrè tí El Salvador bi àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé yín; ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀ Mẹ́síkò, lẹ́bàá Guatemala.

Ìjọba ibẹ̀ ń bá ọlọ̀tẹ̀ jà, Amẹ́ríkà sì ń fi owó àti ìbọn ràn án lọ́wọ́. Ní 1981, àwọn aṣòfin pàṣẹ pé kí Ààrẹ Amẹ́ríkà máa jẹ́rìí ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà pé ìjọba náà ń sapá láti pa ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí owó dúró. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ náwó náà ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí! Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Atlacatl, tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ní ogun jíjà, pa ènìyàn tí ó ju 500 lọ ní El Mozote àti àwọn abúlé ìtòsí rẹ̀. Ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1982. Ní ọjọ́ kejì, Ààrẹ Reagan fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́.

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1989, ọmọ ogun Atlacatl kan náà wọ yunifásítì kan ní San Salvador. Wọ́n pa àlùfáà Àgùdà mẹ́fà, wọ́n pa ìyá tí ń ṣiṣẹ́ ilé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọbìnrin rẹ̀. Ìjọba ní ọlọ̀tẹ̀ ni ó ṣe é.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn aṣòfin kò dúró de ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n yan Joe Moakley, aṣòfin láti Boston, láti ṣe olórí ìwádìí. Ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bi àwọn ọ̀gágun léèrè ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹrin 1990 ó kéde pé ẹjọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Kí ọdún tó parí, wọ́n dá ìlàjì owó ogun dúró: mílíọ̀nù 42.5 dọ́là nínú 85.

Àwọn kan ní ìlàjì kéré. Ó kéré lóòótọ́. Síbẹ̀, ní 1991, ilé ẹjọ́ El Salvador dá Kọ́nẹ̀lì Benavides lẹ́bi. Àwọn tí ó yìnbọn gan-an lọ sílé wọn. Ní 1993, wọ́n forí ji òun náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dárúkọ ẹni tí ó pàṣẹ ìpànìyàn náà: Ponce, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ogun nígbà náà. Ó kú ní 2011, láìjẹ́jọ́ rẹ̀.