Obìnrin Tó Gba Ìyá Ìbejì Là



Bí obìnrin bá bí ìbejì lọ́dọ̀ wa, ayọ̀ ni. Yorùbá á pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Àwọn Ègùn aládùúgbò wa á pè wọ́n ní Zinsou àti Sagbo. Àwọn ènìyàn á máa ta ìyá wọn lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Oǹdó pàápàá ní ìtàn pé nítorí ìbejì ni wọ́n fi lé ìyá kan kúrò láàfin, kí wọ́n tó tẹ ìlú Oǹdó dó.

Ní ìhà Kàlàbá, ní Nàìjíríà, ìbejì ń bà wọ́n lẹ́rù gidigidi. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí búburú ló ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọn kò mọ èwo ni, wọ́n á pa méjèèjì, tàbí kí wọ́n kó wọn sínú ìkòkò, kí wọ́n sọ wọ́n sínú igbó. Ìyá wọn ńkọ́? Wọ́n á lé e jáde nílé. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó bímọ.

Ní 1876, obìnrin kan dé sí Kàlàbá. Mary Slessor ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Wọ́n bí i ní 1848. Òun náà mọ ìyà. Ọ̀mùtí ni bàbá rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 11 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Á ṣiṣẹ́ ní ìdajì ọjọ́, á kàwé ní ìdajì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti oko àti ọjà bọ̀ kí ẹ tó mú ìwé yín, ẹ mọ bí ó ti rí.

Ó kọ́ èdè Ẹ́fíìkì. Ní 1888, ó lọ gbé láàárín àwọn ará Okoyong, nínú ilé alámọ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó pàdé ìyá ìbejì kan. Wọ́n ti ba gbogbo ẹrù rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ti lé e jáde. Wọ́n ti ki àwọn ọmọ bọ inú àpótí. Mary mọ̀ pé bí ìyá ìbejì bá gba ọ̀nà ọjà kọjá, àwọn ará ìlú kò ní í gba ibẹ̀ mọ́. Ó dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi la ọ̀nà mìíràn nínú igbó. Ó sì mú ìyá àti ọmọ lọ sílé rẹ̀. Ọmọ kan ti kú. Ọ̀kan yè.

Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ilé Mary, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn lé ọmọ kankan. Ó gba Janie, ọ̀kan nínú ìbejì, ó fi ṣe ọmọ. Janie dàgbà lójú gbogbo ayé. Ìlú kò bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú àwọn ènìyàn ń là, wọ́n sì ń pe Mary ní Ìyá. Ó kú ní 1915. Kàlàbá ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Ní àríwá Benin wa yìí, àwọn kan ti ka ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wá sáyé sí àjẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìgè ni à ń pè é, ọmọ bí ọmọ ni. Òfin tí ìjọba ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní 2015 kò gba kí ẹnikẹ́ni pa ọmọ nítorí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, èyí tí kò tíì bímọ, èyí tí ọmọ rẹ̀ yarọ, kí ni à ń sọ nípa rẹ̀ níbi kànga? Kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ bá a gbé ọmọ rẹ̀. Ẹ bá a jókòó.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó wà nílé. Ó dìgbà o.