Gbogbo Aṣọ Kọ́ Ni À Ń Sá Lóòrùn: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ará Ilẹ̀ Okun lórí Bíbá Àjèjì Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Okun, ẹ̀yin ará Owé, Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, Okun o!

Lórí ìkíni yìí gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ọba tàbí orúkọ òkè ni a fi ń pe àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn ni ó di orúkọ wọn. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko, ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, "okun" kan náà ni a fi ń kí gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn tí ìkíni jẹ́ orúkọ fún kò lè jẹ́ ẹni tí ń sá fún àjèjì. Ìlú Kàbà pàápàá wà ní oríta: ọ̀nà kan lọ sí Lọ́kọ́ja, òmíràn lọ sí Òmùò ní ilẹ̀ Èkìtì, òmíràn sì lọ sí Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀.

Ohun tí ó yí padà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ń dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí a mọ̀ sí GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Facebook dé ní ọdún 2004, WhatsApp sì tẹ̀lé e ní ọdún 2009. Lónìí, àgbẹ̀ tí ó jókòó ti ebè iṣu rẹ̀ ní Bùnú lè sọ èrò rẹ̀ nípa owó ilé-ìwé ọmọ, kí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tí ó wà ní Toronto sì ti fèsì kí ó tó tún gbé ọkọ́ rẹ̀. Nígbà tí rédíò dé sí ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Fóònù òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gba èsì, àní lẹ́nu ẹni tí a kò bi léèrè.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òní ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ní ọdún 1859 ni àlùfáà Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìlú dé ìlú nínú ìwé títẹ̀. Ní ọdún 1929, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí I. B. Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀ ní ìlú Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan jáde. Ṣẹ̀gilọlá ni ó pe orúkọ ara rẹ̀. Ó ti dàgbà, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó sì ń ka gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò rí ojú wọn rí: àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́, ẹ̀tàn tí ó ṣe, àti ìyà tí ó ń jẹ ẹ́. Ìtàn náà wọ àwọn òǹkàwé lára, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kankan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá. I. B. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ àwọn lẹ́tà náà. Ní ọdún 1930 ni wọ́n di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní, ẹni tí ó ní òun jẹ́ opó, tàbí sójà, tàbí oníṣòwò ní òkè òkun, lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. I. B. Thomas fi tirẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn tí à ń pè ní ọmọ Yahoo ń fi irú rẹ̀ jalè. Èkejì, ìwé ìròyìn ní olóòtú. Kí lẹ́tà kan tó dé ojú ayé, ẹnì kan ti kọ́kọ́ kà á, ó ti gbé e yẹ̀ wò, ó sì ti fa èyí tí kò yẹ kúrò. Lórí fóònù, kò sí olóòtú láàárín ìka ọwọ́ àti ojú ayé. Nítorí náà, ẹni tí ó mú fóònù lọ́wọ́ ni olóòtú ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Kì í ṣe pé kí á di ẹnu pa. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kò ní gbọ́ ọgbọ́n ẹlòmíràn. Obìnrin tí ó sọ bí wọ́n ṣe ta ayédèrú oògùn fún un ti gba ẹlòmíràn là. Àgbẹ̀ tí ó sọ iye tí wọ́n ra kaṣú lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí oníbàárà rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí kò rí ẹni bá a sọ èdè Owé tàbí Yàgbà, lè rí olùtùnú láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ohun rere ni gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Ní ìdí ìgbá ọjà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń wo ojú ẹni tí ń gbọ́. Bí ojú náà bá yí padà, yóò dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọjà a tú, ọ̀rọ̀ náà a sì tú pẹ̀lú rẹ̀. Lórí fóònù, a kò rí ojú olùgbọ́, ọjà náà kì í tú, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sì lè jáde lọ́la níwájú ẹni tí ó fẹ́ gbani síṣẹ́ tàbí ẹni tí ó fẹ́ di àna. Nítorí èyí, ó dára kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Èkíní: ta ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí? Ìyá tí ó ń ròyìn pé ọmọ òun ń tọ̀ sílé ń sọ ìtàn ọmọ, kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà tọkọtaya àti àìsàn òbí.

Èkejì: ṣé ọ̀rọ̀ yìí sọ ibi tí mo wà àti ìgbà tí n óò kọjá? Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìjínigbé ti di ohun ẹ̀rù ní àwọn ọ̀nà ilẹ̀ Okun. Ẹni tí ó kọ ọ́ síta pé ọ̀la ni òun yóò gba ọ̀nà Ọbájànà lọ sí Àbújá, tí ó sì fi àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ sí i, ti ṣe iṣẹ́ amí fún olè. Kí ó dé ibi tí ó ń lọ ní àlàáfíà, lẹ́yìn náà kí ó ròyìn.

Ẹ̀kẹta: ṣé ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀? Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM, BVN, àti nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kò sí àjèjì tí ó yẹ kí ó gbọ́ wọn, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì.

Ẹ̀kẹrin: ṣé ìmọ̀ ni mo fẹ́ gbà, àbí ìtọ́jú? Ènìyàn lè béèrè lọ́wọ́ àjèjì bóyá irú àìsàn báyìí ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n oògùn tí ẹni tí kò rí aláìsàn sọ pé kí a lò, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀karùn-ún: ṣé inú ń bí mi? Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ ní òru pẹ̀lú ìbínú, kí ó sun títí di òwúrọ̀.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò pa ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Abala 39 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀. Abala 37 sì dáàbò bo àṣírí ènìyàn, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí tẹlifóònù. Ẹ̀tọ́ méjèèjì jọ ń rìn ni: kí ẹni tí ó di ọ̀kan mú má ṣe fi tẹ èkejì mọ́lẹ̀ lára aládùúgbò rẹ̀. Òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jáde ní ọdún 2015 tí a sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2024, sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu lè san ìtanràn tí ó tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. Òfin mìíràn tí a buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, níbi tí òfin náà bá ti gbà á, pé kí ilé-iṣẹ́ pa àkọsílẹ̀ nípa òun rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè pa ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kà rẹ́ kúrò lórí wọn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, Facebook fúnra rẹ̀ kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Bí ọmọ bá sì ti pé e, kí á má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá ṣìṣe, nítorí pé ọmọ tí ó ń bẹ̀rù ìyà yóò pa á mọ́ nígbà tí ẹni burúkú bá dẹ̀ ẹ́. Kí á jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun lè wá sọ ọ́ nílé.

Ẹ bá àwọn tí kò lè kàwé ka ọ̀rọ̀ yìí, ní ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí àti ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ máa bá àjèjì sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe olóòtú ọ̀rọ̀ ara yín.