Aṣọ Dẹ̀, Òṣùwọ̀n Kò Yẹ̀

Ẹni tí ó bá ti ń sáré ní òwúrọ̀, tí ó ń gbé irin, tí ó sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù fún oṣù mélòó kan, a máa retí pé kí òṣùwọ̀n jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn: ṣòkòtò tí ó há wọn nídìí tẹ́lẹ̀ ti dẹ̀, okùn ìwọ̀n aránṣọ fi hàn pé íǹṣì méjì ti kúrò ní ìbàdí, síbẹ̀ bí wọ́n bá gun òṣùwọ̀n, kílò àtẹ̀yìnwá náà ni. Níbẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń sọ ìrètí nù, tí wọn a sì pa eré ìdárayá tì.

Èdè Yorùbá kò tilẹ̀ da ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Sísanra àti rírù, ojú ni ó ń rí wọn. Wíwúwo àti fífúyẹ́, ọwọ́ tí ó bá gbé nǹkan ni ó ń mọ̀ wọ́n. Òṣùwọ̀n kò ní ojú.

Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà. Epo a máa léfòó, ẹran a sì máa rì. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ara ènìyàn: lítà ọ̀rá kan tó nǹkan bí 900 gíráàmù, lítà iṣan kan sì tó nǹkan bí 1,060. Kílò kan kò ju kílò kan lọ, ohun yòówù kí àwọn ènìyàn máa sọ. Àyè tí wọ́n gbà ni ó yàtọ̀. Bí kílò mẹ́ta ọ̀rá bá lọ díẹ̀díẹ̀, tí kílò mẹ́ta iṣan sì rọ́pò rẹ̀, òṣùwọ̀n kò ní mira, ṣùgbọ́n ara yóò fi nǹkan bí ìdajì lítà dín kù. Èyí lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ikùn a máa wà lára èyí tí ó ń lọ, nígbà tí iṣan ń pín ara rẹ̀ sí itan, ẹ̀yìn àti èjìká. Omi náà wà níbẹ̀: iṣan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ líle a máa fa omi mọ́ra, omi a sì máa wúwo.

Ní 1942, Albert Behnke, dókítà nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò àwọn òṣèré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá. Ìwé ìwọ̀n ìgbà náà ka ọ̀pọ̀ wọn sí ẹni tí ó sanra ju ẹni tí ogun lè gbà lọ. Behnke wọ̀n wọ́n lórí ilẹ̀, ó tún wọ̀n wọ́n nínú omi. Omi tú àṣírí: iṣan ni ó mú wọn wúwo, ọ̀rá ara wọn kò tó nǹkan.

Òdì kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó bani lẹ́rù jù. Àgbàlagbà mìíràn ń yangàn pé kílò òun kò yẹ̀ láti ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni itan rẹ̀ ń gbẹ, tí ikùn rẹ̀ sì ń yọ síwájú. Iṣan ni ó ń lọ, ọ̀rá ni ó ń rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó bá sì yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká ni àwọn oníṣègùn so mọ́ àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Okùn aránṣọ tó fún iṣẹ́ yìí. Agbedeméjì egungun ìhà tí ó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí ni a ó ti wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí a bá ti mí síta, láìfa okùn le. Kí ẹnikẹ́ni má sì fa ikùn wọlé. Aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ ẹ̀tàn yẹn tipẹ́.